Ìpín Màmá Tíṣà Nínú Oko Toheebat

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìtìjú ṣe ń mú àgbàlagbà hùwà ọmọdé, kó wá sí Ìmàsàyí kó béèrè Màmá Tíṣà. Wọn ò ní fi ẹ̀gàn dá a lóhùn o, nítorí wọ́n fẹ́ràn obìnrin náà. Leah Oyèwọlé lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti ṣe ọ̀gá àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ayétòrò, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé sì ni kátíkíìsì ìjọ nígbà ayé rẹ̀. Ilé tí èèyàn ò ti ní rí ẹni tó kọ́ ní a-b-d kò pọ̀ nílùú náà. Bó bá ń kọjá lójú títì, àwọn ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n máa ń fi sìgá pamọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wọ Ẹgbẹ́ Ilẹ̀dára. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń dáko ni, òfin wọn ò sì pọ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi oògùn pa koríko, kò gbọdọ̀ fi oògùn òyìnbó lé kòkòrò, kò sì gbọdọ̀ da ajílẹ̀ inú àpò sí ìdí irúgbìn. Ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé jíjẹrà ni wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀ wọn. Bí kòkòrò bá dà wọ́n láàmú, wọ́n á gún ewé dóńgóyárò, wọ́n á fi omi rẹ̀ wọ́n ẹ̀fọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dinah ló máa ń gbé ọkọ̀ wá láti Abẹ́òkúta láti kó ata àti ẹ̀fọ́ wọn fún àwọn oníbàárà tí ẹ̀rù oògùn ń bà. Owó tó ń tibẹ̀ wá kì í ṣe owó ọkọ, kì í ṣe owó àna. Obìnrin tó ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọkọ kó tó lè ra ìwé fún ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń rà á báyìí, ọkọ ló kù tó ń béèrè pé èló ni wọ́n tà á.

Koríko ni wàhálà wọn. Ẹni tí kò bá fọ́n oògùn, ọkọ́ ló máa fi ro oko, ọwọ́ obìnrin kan ṣoṣo ò sì lè ro oko tí yóò kún ọkọ̀ Dinah. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jí àáró dìde. Àáró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán ní Ìmàsàyí láti ìgbà tí oògùn koríko ti dé, nítorí ta ló tún fẹ́ máa kó èèyàn jọ, nígbà tí ọkùnrin kan tó gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn lè bá a parí ẹ̀ kí iná tó ran lábẹ́ ìkòkò? Àwọn obìnrin wọ̀nyí padà sí i. Gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnìkan lónìí, wọ́n á pín in ní ìpín-ìpín, wọ́n á ro ó tán; ọjọ́ mìíràn, ó di oko ẹlòmíràn. A kì í fi owó san àáró. Ọwọ́ ẹni la fi ń san án.

Oko Màmá Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, nítorí òun ló dàgbà ṣìkejì nínú wọn, lẹ́yìn Ifákẹ́mi tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni oko náà wà, ògiri sì yí i ká. Toheebat wà lára àwọn tó wá. Ìyàwó ilé ni, ó ti bí ọmọ mẹ́ta, ara akẹ́kọ̀ọ́ Màmá Tíṣà ló sì ti jẹ́ rí. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn yòókù ti ń fọ ọwọ́, ó tún padà sínú poro láti fa koríko tí ọkọ́ fò. Ó ní òun ò lè fi oko tíṣà òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá Tíṣà náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó bá wọn dé oko Hussainat, ó bá wọn dé oko Ifákẹ́mi, ó sì ro ìpín tirẹ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ro tiwọn. Inú igbó ni àwọn oko wọ̀nyẹn wà, àwọn ẹyẹ nìkan ló ń wò ó. Ìgbà tó kan oko Toheebat ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Etí títì ni oko Toheebat wà, ó kọjú sí géètì ilé ẹ̀kọ́ tí Màmá Tíṣà ti ṣe ọ̀gá. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ni. Jibril, àbúrò ọkọ, ti fẹ́ fi ilẹ̀ náà gbin ẹ̀gẹ́ tipẹ́. Torí pé àwọn ẹbí rí i pé ẹgbẹ́ ń bá obìnrin náà ta ọjà ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ fún un. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti kọ oko yẹn sílẹ̀, Jibril á gbé igi ẹ̀gẹ́ dé.

Màmá Tíṣà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Èrò kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: bí òun bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìdí òun ni yóò kọjú sí géètì. Àwọn tíṣà tó ti máa ń dìde bí òun bá wọlé, àwọn ọmọ tí òun ti fi pàṣán kọ́ ní ìmọ́tótó, gbogbo wọn á máa kọjá, wọ́n á máa wo òun nínú oko ẹni tí òun kọ́ ní ìwé. Wọ́n á ní owó ìfẹ̀yìntì ò tó màmá jẹun, ó ti di alágbàro. Ó tijú ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ àáró, ó ránṣẹ́ pé orúnkún ń dun òun.

Àwọn obìnrin gbà á gbọ́, wọ́n tilẹ̀ kí i pẹ̀lẹ́. Wọ́n ro oko tó kù, wọ́n sì fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ẹ̀gbẹ́ títì gan-an ni ìpín náà bọ́ sí.

"Ẹ má da ara yín láàmú, màmá," ni Toheebat wí. "Ìgbà tí orúnkún bá fi yín sílẹ̀, ẹ wá ṣe é. Ìyá mi ni ara rẹ̀ ò yá, mò ń lọ sí Agọ́sásá lọ wò ó."

Toheebat lọ. Èrò kan wá sọ sí Màmá Tíṣà lọ́kàn, inú rẹ̀ sì dùn sí èrò náà. Àáró ò kọ aṣojú. Ẹni tó ń ṣàìsàn lè rán ọmọ rẹ̀, bó bá ti lè sọ fún olóko àti fún ẹgbẹ́. Màmá Tíṣà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ránṣẹ́ pe Rájí, ọkùnrin kan tó ń gbàro kiri ìlú, tí kì í jiyàn, tí kì í sì sọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ níta.

"Rájí, bá mi ṣe koríko ìpín mi ní oko Toheebat."

"Ṣé èyí tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́?"

"Òun náà ni. Ìdájí ni kí o lọ. Kó ti tán kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó máa kọjá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ níbẹ̀."

Rájí ronú díẹ̀. "Ìpín yẹn gùn, màmá. Ṣé kó tán kí wọ́n tó máa kọjá?"

"Kó tán."

"Kò burú."

Ẹ gbọ́ o. Obìnrin tó ti kọ́ ọmọ ìlú ní ìṣirò láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ó mọ bí ìpín náà ṣe gùn tó, ó mọ bí ìdájí ṣe kúrú tó, ó sì mọ ohun tí ọkọ́ ẹnìkan lè ṣe. Ìṣirò yìí nìkan ni kò ṣe. Rájí ṣe é fún un. Ó gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó rọra fọ́n ọn láàárín ata, ó sì ti wà nílé kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó dún.

Oògùn yẹn kì í pa koríko lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń lọ sí gbòǹgbò ná. Nígbà tí ọjọ́ tí Dinah yóò wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Ifákẹ́mi kó àwọn àgbà ẹgbẹ́ lẹ́yìn láti wo oko káàkiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Màmá Tíṣà bá wọn lọ, ó ṣí agbòòrùn. Wọ́n dé oko Toheebat, wọ́n sì dúró. Koríko ẹ̀gbẹ́ títì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ewé ata tó wà láàárín rẹ̀ sì ti ká kò. Ifákẹ́mi bẹ̀rẹ̀, ó fa koríko kan, gbòǹgbò rẹ̀ já sí i lọ́wọ́.

"Oògùn ni," ó ní. "Toheebat ò lè dúró de orúnkún màmá. Ó fọ́n oògùn, ó wá sá lọ bá ìyá rẹ̀."

Lójú ẹsẹ̀ ni Màmá Tíṣà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ì bá sọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ àṣìṣe lásán. Ó fi agbòòrùn bo ojú, ó sì bá wọn kọjá lọ.

Nígbà tí Toheebat dé láti Agọ́sásá, wọ́n pè é sí ìpàdé lábẹ́ àtíbàbà ilé Ifákẹ́mi. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbádùn dáadáa, ojú Toheebat sì ti wọ inú. Wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa oògùn.

"Mi ò sí nílé," ó ní. "Ibi tí ẹ sì ń wí yẹn, ìpín tí a fi sílẹ̀ de Màmá Tíṣà ni."

Gbogbo ojú yí sí Màmá Tíṣà. Ó sì dáhùn pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀, ohùn tí kì í gbọ̀n.

"Láti ìgbà tí ẹ ti ro oko yẹn," ó ní, "tí kì í bá ṣe ọjọ́ tí gbogbo wa jọ lọ wò ó, ẹsẹ̀ mi kò tẹ ibẹ̀."

Òtítọ́ ni. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí irọ́ tó burú jù ú lọ. Bí ọmọ kan bá dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣe ọ̀gá, pàṣán ni ì bá fi nà án. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà níbẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, orí ọmọ sì wọ́ lójú rẹ̀. Ifákẹ́mi kéde pé Dinah ò ní mú nǹkan kan nínú oko Toheebat, àti pé ẹgbẹ́ ò ní ka oko náà mọ́ tiwọn mọ́. Toheebat ò sọkún. Ó kàn dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Màmá Tíṣà délé, kò lè jẹun. Ó ṣí Bíbélì, ó pa á dé. Ó fẹ́ gbàdúrà, ojú ń tì í lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìtìjú tó ń sá fún létí títì ti wá bá a nínú yàrá, ibẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó lè sá lọ bá.

Rájí wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó ti gbọ́. Kò jókòó.

"Màmá, ẹ ní kó tán kí àwọn ọmọ tó máa kọjá. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà tán. Ẹ ò sọ fún mi pé wọn kì í fọ́n oògùn síbẹ̀."

"Mo mọ̀, Rájí. Mi ò bá ọ wí."

"Ṣé kí n lọ bá olórí ẹgbẹ́ yín? Màá ní mo ṣi oko mọ̀ ni. Màá ní oko ẹlòmíràn ni wọ́n rán mi. Orúkọ yín ò ní jáde."

Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin aláìṣẹ̀ kan fẹ́ bá a ru ẹrù rẹ̀, ohun tó sì yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "rárá". Kò sọ "rárá". Kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni" náà. Ó ní, "Jẹ́ kí n rò ó." Nínú gbogbo ohun tó ṣe, gbólóhùn yìí ló ń ta á lára jù títí dòní.

Rájí lọ. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Toheebat wọlé. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré.

"Màmá, mo wá tọrọ àforíjì ni."

Màmá Tíṣà ò lóye. "Àforíjì kí ni?"

"Mo dárúkọ yín láàárín èèyàn bíi pé ẹ lè ṣe irú ẹ̀. Inú ló ń bí mi. Láti àná ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Ẹ má bínú sí mi."

Màmá Tíṣà wo orí ọmọ náà tó tẹ̀ ba níwájú rẹ̀. Ìtìjú gbà á lára débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ ya, kí òun wọlé. Wọ́n ń wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó rí i pé ẹ̀sín gan-an yá ju irú àforíjì yìí lọ.

"Dìde," ó sọ ọ́ níkẹyìn. "Jibril ńkọ́?"

"Ó ti gé igi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ó ní tí òjò bá ti rọ̀, òun á bẹ̀rẹ̀."

"Máa lọ sílé. Má jẹ́ kó gbin nǹkan kan. Mò ń bọ̀."

Kò lè sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Agbára rẹ̀ ò gbé e. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kó tó lọ sílé Ifákẹ́mi, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ, Toheebat pàápàá.

Nígbà tí wọ́n pé, ó dìde dúró. Kò sí ẹni tó ní kó dìde. Bó ṣe máa ń ní kí ọmọ tó bá ṣẹ̀ dúró níwájú kíláàsì náà ló ṣe dúró.

"Èmi ni," ó ní. "Orúnkún ò dùn mí. Mo rán Rájí láti bá mi ṣe ìpín mi, mo sì kán an lójú. Òun ló fọ́n oògùn, èmi ni mo fà á. Ìgbà tí a lọ wo oko ni mo ti mọ̀."

Kò sí ẹni tó pariwo. Ì bá sàn fún un bí wọ́n bá pariwo. Ifákẹ́mi bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi lọ fúnra yín, Màmá Tíṣà?"

"Ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi níwájú ilé ẹ̀kọ́ yẹn."

"Kí wọ́n rí yín níbi tí ẹ ti ń ṣe kí ni?"

"Níbi tí mo ti ń ro oko."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Hussainat ló sọ̀rọ̀, kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

"Ohun tí a wá ṣe nínú oko yín nìyẹn, màmá. Ṣé ojú ń tì yín fún àwa náà lọ́jọ́ yẹn?"

Màmá Tíṣà ò tíì wò ó láti ìhà yẹn rí. Iṣẹ́ tí obìnrin wọ̀nyí fi ń jẹ, tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé, tí wọ́n fi ń gbórí sókè nílé ọkọ, òun náà ló ń fi ẹnu yìn ní ìpàdé, òun náà ló sì kà sí ohun tí èèyàn pàtàkì kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí rẹ̀. Ó jókòó, ó fi etí gèlè nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Ifákẹ́mi kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sí ilé ẹbí ọkọ Toheebat. Màmá Tíṣà tún ọ̀rọ̀ náà sọ níbẹ̀ níwájú Jibril, gbogbo rẹ̀ pátá, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Ẹbí fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Toheebat. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni òfin: ilẹ̀ tó bá ti mu oògùn gbọ́dọ̀ sinmi, kí ojú rẹ̀ fi mọ́, kí wọ́n tó ka oko náà mọ́ tiwọn padà. Wọ́n ní kí Toheebat gbin ẹ̀wà bo ilẹ̀ náà, ẹ̀wà tí Dinah ò ní rà. Màmá Tíṣà ní kó máa lo ìdajì oko ẹ̀yìn ilé òun títí ìsinmi ilẹ̀ yóò fi tán. Toheebat dúpẹ́, ó gbà. Ó fẹ́ máa lọ, ó tún yíjú padà.

"Màmá," ó ní, "ìpín yín ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ ṣì jẹ mí ní àáró."

Òjò rọ̀, ẹ̀wà hù, koríko náà hù. Oògùn ò pa á tán bí wọ́n ṣe rò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ilé ìwé ń wọlé, Màmá Tíṣà so ìró mọ́ ìdí, ó gbé ọkọ́, ó sì lọ sí etí títì. Ó lè lọ ní ìdájí. Kò lọ ní ìdájí. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí géètì. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọ dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn, ó sì gbọ́ ẹ̀rín kékeré nígbà tí wọ́n kọjá. Kò dúró.

Ọ̀kadà kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gideon ló sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ní ìwé, tó ti di tíṣà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, aṣọ funfun ló wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Mi ò mọ̀ pé ẹ ní oko níbí."

"Kì í ṣe oko mi. Oko Toheebat ni."

Gideon wo bí ìpín náà ṣe gùn tó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ọkọ́. "Ẹ sinmi, màmá. Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà wá. Kíá ni wọ́n á ti ṣe é tán."

Màmá Tíṣà nàró. Ẹ̀yìn ń dùn ún lóòótọ́, orúnkún náà ti ń dùn ún.

"Má rán ẹnikẹ́ni," ó ní. "Mo ti rán èèyàn rí."

Ó sì tún bẹ̀rẹ̀.